Ṣúgà Tí Mo Fi Pamọ́

Ẹ sún mọ́bí díẹ̀, ẹ jókòó. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì fi nǹkan kan sẹ́nu láti àárọ̀, kó kọ́kọ́ lọ jẹun ná. Mo lè dúró dè é. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbọ́pẹ̀lú-ebi, ẹ ó sì mọ ìdí rẹ̀ kí n tó dákẹ́.

Ganíyù ni orúkọ mi. Télọ̀ ni mí, ní Bẹẹrẹ, níbi tí ọ̀nà ti ń gòkè lọ sí Màpó. Ilé bàbá wa wà ní Bẹyẹrunka, ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń gbé títí di òní. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Nítorí ẹni tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ irú àìsàn tèmi fún ni mo ṣe ń sọ èyí, àti nítorí ẹni tí irú rẹ̀ wà lára rẹ̀ tí kò tíì mọ̀. Ẹni kejì yìí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn mí jù.

Bíríkìlà ni bàbá wa. Ní gbogbo Sátidé, a máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò Kúdẹtì láti lọ ru yanrìn. Bàbá wa kò gbà kí ọmọ jẹun kó tó ṣiṣẹ́. Ó ní tí ọmọ bá yó, oorun ló máa ń kùn ún. Ẹ̀gbọ́n mi Lásísì, tó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, á ru tiẹ̀, á máa sáré gun òkè. Ní tèmi, tí mo bá ti ru ẹlẹ́ẹ̀kẹta tàbí ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, itan mi á bẹ̀rẹ̀ sí í le. Kì í ṣe pé ó rẹ̀ mí o. Ẹni tó bá rẹ̀ á jókòó, á sinmi, á dìde. Èmi, tí mo bá jókòó, n kò ní lè dìde mọ́. Á dà bíi pé wọ́n ti gún ẹran itan mi nínú odó. Tó bá di ọ̀sán, tí mo bá lọ tọ̀, ìtọ̀ náà á dúdú bí omi àgbo.

"Ọ̀lẹ lọmọ yìí," ni bàbá wa máa ń wí. "Ẹ wò ó bó ṣe sanra. Kí ni ọ̀rá yẹn ń ṣe lára ẹ̀?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìbéèrè yẹn. Lẹ́yìn bí àádọ́ta ọdún ni mo tó gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

Ìyá wa ní àtọ̀sí ni. Ó se àgbo fún mi títí ẹnu mi fi ń korò bí ewé. Àgbo náà kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ gan-an, olè ni mo fi rí i. Ìyá wa máa ń fi ṣúgà oníhóró pamọ́ sínú agolo kan fún àlejò. Ní Sátidé ọjọ́ kan, mo jí ẹ̀kúnwọ́ kan níbẹ̀, mo ń lá a lọ títí a fi dé odò. Lọ́jọ́ yẹn, mo ru yanrìn bí Lásísì ṣe ru ú. Bàbá wa pàápàá wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, n kò rí ṣúgà jí, itan mi tún le. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ ìtumọ̀ ohun tí mo rí. Kàkà kí n sọ ọ́ jáde, mo gbé e mì, nítorí pé olè ni. Bí àṣírí náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí mo dàgbà, mo ní iṣẹ́ bíríkìlà kò wù mí. Wọ́n ní iṣẹ́ ìjókòó ni mo ń wá, wọn kò sì parọ́. Mo lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ kan tí ṣúgà kò sí nínú àpò mi. Àwọn ẹlòmíì a máa fi àpò kó ṣéènjì, tèmi a máa kún fún ìyẹ̀fun ṣúgà tó ti rún.

Ìṣòro mi ni oṣù Ràmàdáánì. Inú ilé tí wọ́n ti ń gbààwẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ilé tí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nìkan ni ẹnu rẹ̀ máa ń mì lọ́sàn-án. Mo gbìyànjú. Ọdọọdún ni mo ń gbìyànjú. Tó bá di ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, itan mi á bẹ̀rẹ̀. Mo wá ń ṣe é báyìí: mo máa ń bá wọn jẹ sààrì, mo máa ń bá wọn ṣínu, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, màá wọ ẹ̀yìn àwọn aṣọ tí mo gbé kọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù, màá lá ṣúgà mẹ́ta, màá jẹ búrẹ́dì díẹ̀, màá nu ẹnu mi. N kò rò ó pé àìsàn ni. Mo rò pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí, pé ara mi burú ju ti àwọn yòókù lọ, pé Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí òun máa fi mí ṣe.

Ní Ọjọ́ Ẹtì kan nínú ààwẹ̀, Lásísì wá gba bùbá tí ó fẹ́ wọ̀ lọ sí Jímọ́ọ̀. Àwọn oníbàárà méjì jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Kò rí mi nídìí ẹ̀rọ, ló bá fọwọ́ gbá aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ganíyù."

Ẹnu mi kún.

"Kí ló wà lẹ́nu ẹ?"

Mo mi orí.

"Gbé e mì ná," ló wí. "Gbé e mì kó o tó purọ́ fún mi."

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má bá a wí o, Alhaji. Ó ń tọ́ ṣúgà wò bóyá ó dùn tó ti èṣí ni."

Lásísì kò rẹ́rìn-ín. Ó mú bùbá rẹ̀, ó ká a pọ̀ bí ẹni ń ká aṣọ òkú, ó sì lọ. Nírọ̀lẹ́, níwájú ilé wa, níbi tí gbogbo ọkùnrin ilé ti máa ń jókòó yí abọ́ kan ṣoṣo ká láti ṣínu, mo na ọwọ́. Lásísì fa abọ́ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Ẹ bu tiẹ̀ fún un lọ́tọ̀," ló wí. "Ó ti jẹ oúnjẹ ọ̀sán tiẹ̀."

Wọ́n bu ú fún mi lọ́tọ̀. Mo gbé e wọ yàrá. Láti ọjọ́ náà, ó di bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bàbá Oúnjẹ-Ọ̀sán ni wọ́n ń pè mí ní gbogbo àdúgbò. Tí mo bá ń bọ̀ láti Ọjà'ba, àwọn obìnrin á máa bi mí pé, "Bàbá Oúnjẹ-Ọ̀sán, kí lẹ sè lónìí?" Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi títí ó fi kú, ṣùgbọ́n kì í wo ojú mi nínú oṣù ààwẹ̀. Tí ènìyàn bá ń dá jẹun nínú ilé tó kún, ó máa ń gbọ́ ìró eyín ara rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń wá bá mi. Sìfáwù ni, àbúrò wa obìnrin tó jẹ́ àbíkẹ́yìn. Ilé ọkọ rẹ̀ wà ní Kúdẹtì, iṣẹ́ irun dídì ni Sìfáwù ń ṣe. Ó máa ń dúró láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn orí àwọn èèyàn. Tó bá ti ṣínu nílé ọkọ rẹ̀, á gbé oúnjẹ sínú abọ́ tánganran kan tó ní ọmọrí, tí wọ́n ya òdòdó pupa sí lára, á gbé e wá fún mi ní Bẹyẹrunka.

"Ẹ jẹun jàre, Bàbá Oúnjẹ-Ọ̀sán," á wí, á máa rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti ṣe ti ọ̀sán, ó ku ti ìrọ̀lẹ́."

"Ìwọ náà?"

"Bí n kò bá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ta ni kí n fi ṣe? Ẹ̀gbọ́n wa Lásísì? Ìyẹn kì í rẹ́rìn-ín tí kò bá gba fọ́ọ̀mù."

Òun nìkan ló lè fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀ tí kò ní dùn mí.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Sìfáwù gbé abọ́ náà dé, ó sì pẹ́ kó tó jókòó. Ó di ilẹ̀kùn mú. Ó sọ fún mi pé, "Bọ̀dá Gání, ṣé ẹ̀yin náà ti rí i rí, kí ẹsẹ̀ máa dun èèyàn bíi pé wọ́n lù ú? Kì í ṣe oríkèé o. Ẹran ẹsẹ̀ gan-an ni. Èjìká mi náà ń dùn mí. Mo dẹ̀ tọ̀ lánàá, ìtọ̀ mi dúdú."

Ọwọ́ mi wà nínú àpò. Orí ṣúgà ni ọwọ́ mi wà. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Nínú gbogbo Ìbàdàn, bóyá èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn. Kí n kàn ní, "Sìfáwù, fi èyí sẹ́nu lọ́sàn-án ọ̀la, irú èyí tó ń ṣe ọ́ ló ń ṣe mí láti kékeré." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé, ṣé kí n wá kọ́ àbúrò mi ní ẹ̀ṣẹ̀ tèmi? Ṣé kí òun náà wá di ẹni tí wọ́n ń bu oúnjẹ fún lọ́tọ̀?

Mo ní, "Máa mu omi dáadáa tó o bá ti ṣínu."

Ó ní, "Mo ń mu ún."

Ó gbààwẹ̀ náà parí. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn obìnrin máa ń jẹ gbèsè ọjọ́ tí wọ́n bá wà nínú nǹkan oṣù wọn, wọ́n á san án padà lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Sìfáwù kì í fẹ́ kí gbèsè Ọlọ́run pẹ́ lọ́rùn òun. Kò tíì sinmi tó tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Ibà mú un láàárín rẹ̀, kò jáwọ́. Ẹ̀yìn oníbàárà kan ló dúró sí nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní àsàsí ni, wọ́n ní wọ́n ti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ fún un kó lè rìn kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n ń gbé e kiri láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sín gbẹ́rẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, kò tọ̀ mọ́ rárá. Ó lo ọjọ́ méjì níbẹ̀. Mo débẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ojú rẹ̀ wú. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo ti jẹun. Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Ọmọbìnrin rẹ̀ gbé abọ́ tánganran yẹn wá fún mi lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ó ní ìyá òun ní kí wọ́n má fún ẹlòmíì.

N kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa ṣúgà. Ohun tí mo ṣe ni pé, nígbà tí Ràmàdáánì tó tẹ̀ lé e wọlé, mo da gbogbo ṣúgà inú àpò mi sí ojú gọ́tà. Mo sọ fún Ọlọ́run pé ohun tó pa Sìfáwù, kó pa èmi náà, tàbí kí ó dárí jì mí. Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ kìíní láìfi nǹkan kan sẹ́nu. Mo gba ti ọjọ́ kejì. Lásísì wá ń ṣọ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó rò pé n kò rí òun. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí a fẹ́ ṣínu, ó sún, ó fọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Jókòó síbí," ló wí.

Mo jókòó. Mo na ọwọ́ sínú abọ́ náà, kò sẹ́ni tó fà á kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bínú sí mi tí mo bá ní àwọn ọjọ́ yẹn ni ọjọ́ tó dùn jù nínú ayé mi láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú. Itan mi ń le, èjìká mi ń le, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ìka Lásísì ń kan ìka mi nínú ọbẹ̀. Ọjọ́ méje ni mo fi jẹ nínú abọ́ náà.

Ní ọjọ́ kẹwàá ààwẹ̀, n kò lè dìde níbi tí mo kírun sí. Òjò ti rọ̀ lù mí lọ́jọ́ tó ṣáájú, òtútù sì ti mú mi. Orí mi nìkan ló ń mì. Lásísì àti ọkùnrin méjì ló gbé mi wọlé. Ìtọ̀ tí mo tọ̀ sínú póò, Lásísì wò ó, ó bo ojú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ti Sìfáwù ṣe tún bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan gbé àgbo dé. Ẹnì kan gbé òróró tí wọ́n kéwú sí dé. Lásísì fúnra rẹ̀ lọ gba omi hàǹtú tí wọ́n fi fọ wàláà lọ́dọ̀ ààfáà, ó ń bù ú fún mi mu. Ó ní kí n fara dà á kí n má ṣínu, kí ààwẹ̀ ọjọ́ náà má baà bà jẹ́, omi hàǹtú nìkan ni Ọlọ́run máa gbójú fò. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn mi. Kò sí ọ̀tá kan nínú yàrá yẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n ń gbé fún mi, kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin Sìfáwù ló dúró sẹ́nu ọ̀nà tó kígbe pé, "Báyìí lẹ ṣe ṣe màmá mi o! Báyìí náà ni!" Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù.

N kò ní ka ìyà tí mo jẹ lórí ìlà fún yín tán. Ẹni tó bá ti dé ọsibítù ìjọba mọ̀ ọ́n. Ẹ gba káàdì, ẹ dúró. Ẹ gba ìwé àyẹ̀wò, ẹ dúró. Orí bẹ́ǹṣì ni mo wà, wọ́n fi ìró ìyá kan tẹ́ ẹ fún mi. Wọ́n so mí mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí pé ẹran ara mi tó ń yọ́ ti dí kíndìnrín mi. Mo ta ẹ̀rọ tí mo fi ń ṣe wíìfìn etí aṣọ nítorí rẹ̀. Nínú yàrá tí wọ́n tẹ́ mi sí, gbogbo ènìyàn ló ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dárúkọ oògùn, mo ń ka pákó àjà. Mo rò pé mo fẹ́ lọ bá Sìfáwù, mo sì ń wá ohun tí màá sọ fún un.

Àwọn dókítà tó kọ́kọ́ wá béèrè irú àgbo tí mo mu. Ó jọ pé àgbo ni wọ́n di ẹ̀bi rù. Ní ọjọ́ kan, dókítà obìnrin kékeré kan wá, ó fa àga, ó jókòó. Ìyẹn nìkan ti ṣọ̀wọ́n. Ó ní, "Bàbá, èyí kọ́ ni àkọ́kọ́, àbí?"

Mo ní, "Rárá."

"Nígbà wo ló máa ń ṣe yín?"

"Nígbà ààwẹ̀. Àti nígbà tí mo bá ṣiṣẹ́ lórí ebi."

"Ní àwọn ọdún tí kò ṣe yín, kí lẹ ṣe tí kò fi ṣe yín?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Omi ń bọ́ lójú mi. Mo sọ fún un. Mo sọ ti agolo ìyá wa, mo sọ ti ẹ̀yìn aṣọ, mo sọ ti búrẹ́dì. Mo rò pé á wò mí bí Lásísì ṣe wò mí. Ó ju báírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá," ó wí, "ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ tọ́jú ara yín láti ọmọdé títí di ìsinsìnyí? Ṣúgà yẹn ló gbé yín dé ọgọ́ta ọdún."

Mo ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ ni mo pè é."

Ó ní, "Oògùn yín ni."

Ó fa ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n fi ránṣẹ́ sí òkè òkun, nítorí wọn kò lè ṣe àyẹ̀wò náà ní ibí. Ó tó oṣù mélòó kan kí èsì tó dé. Nígbà tó dé, mo ní kí Lásísì bá mi lọ gbọ́ ọ. Dókítà bi mí bóyá mo mọ sítóòfù karosínì. Mo ní ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ó ní nínú ẹran ara èèyàn, àwọn ààrò kéékèèké wà níbẹ̀ tí ojú kò lè rí. Oúnjẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi dáná. Tí ìyẹn bá tán, bí ìgbà tí a bá gbààwẹ̀, ọ̀rá ara ni wọ́n máa ń fà wọlé fi dáná. Nǹkan kan ló ń ṣiṣẹ́ fífà yẹn. Ẹ́ńsáìmù ni wọ́n ń pè é, lẹ́tà C, P àti T, àti eéjì ni wọ́n fi ń kọ orúkọ rẹ̀.

"Karosínì kún inú sítóòfù ti Bàbá," ó wí, "ṣùgbọ́n òwú rẹ̀ kò fà á. Tí ebi bá ti dé, iná á fẹ́ kú. Ẹran ara gan-an á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́."

Mo rántí bàbá wa. Kí ni ọ̀rá yẹn ń ṣe lára rẹ̀? Kò ṣe nǹkan kan, Bàbá. Kò rọ́nà wọlé.

Dókítà ní ìdajì rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ bàbá wa, ìdajì wá láti ọ̀dọ̀ ìyá wa. Ẹni tó bá gba ìdajì kan kì í sábà ṣàìsàn. Ẹni tó bá gba méjèèjì ló ń rí ohun tí mo rí. Ó béèrè bóyá a ní ọmọ ìyá mìíràn tí irú rẹ̀ ṣe. Lásísì ní, "Kò sí." Lẹ́yìn náà ni ẹnu rẹ̀ la, kò sì lè pa á dé.

A jáde. A jókòó sábẹ́ igi kan nínú ọgbà ọsibítù náà. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Sìfáwù sọ fún mi. Ó sọ fún mi pé ìtọ̀ òun dúdú. Ṣúgà wà nínú àpò mi bó ṣe ń sọ̀rọ̀. N kò sọ nǹkan kan fún un."

Mo retí kó bú mi. Mo fẹ́ kó bú mi.

Ó ní, "Ta lo ń sá fún?"

Mo tẹ ọwọ́ mọ́ àpò ṣúgà mi.

"Èmi lo ń sá fún," ló wí. "Ganíyù, èmi ni. Èmi ni mo fa abọ́ kúrò níwájú rẹ."

Ó sunkún níbẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin, níwájú àwọn tó ń ta omi. Mi ò rí i kó sunkún rí, àní nígbà tí bàbá wa kú.

Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ ààfáà. Ààfáà gbọ́ ọ, ó ní ẹni tí ààwẹ̀ máa pa kò gbọdọ̀ gbà á, kí n máa bọ́ aláìní kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Mo ń ṣe é. Ṣùgbọ́n aláìní tí mò ń bọ́ náà ń gbààwẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wá gba oúnjẹ tiẹ̀. Ọ̀sán tèmi ṣì dá wà.

Nígbà tí Ràmàdáánì tún dé, mo gbé abọ́ Sìfáwù wọ yàrá lọ́jọ́ kìíní, mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Lásísì dé. Ó gbé bẹ́ǹṣì kan dání, èyí tó máa ń jókòó lé níwájú ilé. Ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti lè rí wa.

"Jáde wá jẹ ẹ́ níbí," ló wí.

"Wọ́n á sọ̀rọ̀."

"Wọ́n á kọ́kọ́ kí mi ná."

Ó jókòó sí ìpẹ̀kun kan, ẹnu rẹ̀ gbẹ, ó ń já tẹ̀sùbáà. Mo jókòó sí ìpẹ̀kun kejì, mo ń jẹun. Ẹsẹ̀ kan bẹ́ǹṣì yẹn kúrú. Tí a bá jókòó ní méjì, ó máa ń dúró. Tí Lásísì bá dìde lójijì, á fì, ẹ̀kọ á dà sí mi lára.

"Jókòó jẹ́ẹ́," á wí.

"Ẹ̀yin lẹ dìde!"

"Ìwọ lo wúwo. Ọ̀rá yẹn ṣì wà níbẹ̀."

Ọdọọdún ló ń ṣe é, gbogbo ọ̀sán ààwẹ̀, títí orúkọ Bàbá Oúnjẹ-Ọ̀sán fi kúrò lẹ́nu wọn.

Ara mi le báyìí, mo dúpẹ́. Mo máa ń jẹun kí n tó jáde, n kì í jẹ́ kí ebi pẹ́ lára mi, n kì í rìn gòkè Màpó láìsinmi. Tí ibà bá mú mi, ọsibítù ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ, n kì í dúró de ìtọ̀ dúdú. Ẹ má sọ pé Bàbá Télọ̀ ní kí ẹ má gbààwẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn nínú ààwẹ̀, kì í ṣe irú tèmi. Ṣùgbọ́n tí ẹran ara yín bá ń le nínú ebi tàbí iṣẹ́, tí ìtọ̀ sì dúdú, ẹ má gbé e mì. Ẹ sọ fún dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Tí ẹ bá ní àbúrò, ẹ sọ fún un kó tó béèrè.

Lásísì kú ní èṣí, lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Wọ́n pín ogún rẹ̀ níwájú ẹbí. Ọmọ rẹ̀ àgbà gba yàrá méjèèjì tó kọjú sí títì. Èkejì gba agbádá rẹ̀ àti tẹ̀sùbáà. Àwọn obìnrin gba ìwọ̀n tiwọn. Ní ti ogún àìsàn yìí, ọmọ Sìfáwù ti gba ìdajì kan lára ìyá rẹ̀, àwọn ọmọ tèmi gba ìdajì kọ̀ọ̀kan lára mi. Mo ti sọ fún gbogbo wọn, wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Abọ́ tánganran Sìfáwù wà lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n pín gbogbo nǹkan tán, wọ́n ní Lásísì ní kí wọ́n fún mi ní bẹ́ǹṣì.

Ẹnu ọ̀nà náà ló ṣì wà. Ní Ràmàdáánì yìí, mo jókòó sí ìpẹ̀kun tèmi bí mo ṣe máa ń jókòó, ó fì, ẹ̀kọ dà sí mi lẹ́sẹ̀. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta kí n tó lè jókòó sí àárín.